Àbẹ̀kẹ́, Kọ Iye Aṣọ Síbẹ̀

Wá jókòó níbí, ìwọ ọmọ yìí. Fi omi yẹn sílẹ̀, òùngbẹ ò gbẹ mí. Fóònù rẹ ni kó o gbé wá.

Wọ́n ní o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé àdìrẹ lò ń tà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa àdìrẹ ló yẹ ká bi léèrè ibi tó gbà wáyé. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi ṣí i kí n fojú ara mi rí i. Aṣọ àkọ́kọ́ tó yọ, ó dára. Ẹlẹ́kọ gidi ni, ọwọ́ ẹni tó yà á dán. Mo wá wo ìsàlẹ̀ àwòrán kí n mọ iye tó ò ń tà á. Kí ni mo rí? O ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá bá ọ ní kọ̀rọ̀! Àbẹ̀kẹ́, aṣọ lò ń tà ni, àbí ẹrù òfin?

Má rẹ́rìn-ín. Tó o bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá á sì bọ́ sọnù.

Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé tó o bá kọ iye síbẹ̀, àwọn tí ẹ jọ ń tà á rí i, wọ́n á sì bu owó kúrò lára tiwọn. Ta ni nínú wọn tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta? Ṣebí ibẹ̀ náà ni gbogbo yín ti ń rà á? Oníbàárà nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, òun gan-an lo sì ń fi pa mọ́ fún. Àbí èyí tó wà lọ́kàn rẹ, tó ò fẹ́ jẹ́wọ́, ni pé o fẹ́ kọ́kọ́ yẹ fọ́tò onítọ̀hún wò, kó o mọ̀ bóyá Lẹ́kí ló ń gbé tàbí Ìyànà Ìpájà, kó o tó pe iye? Ẹ̀n-ẹ́n! O ti wolẹ̀. Mo ti mú ọ.

Jọ̀ọ́, ro ti obìnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ ní Ọjọ́ta lásìkò tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ò jẹ́ kí táyà yí. Dátà rẹ̀ ń lọ, bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú. Ó rí aṣọ rẹ, ó wù ú, ó béèrè iye. Ìwọ ò sí níbẹ̀. Ìgbà tó o máa fi dá a lóhùn lálẹ́, ó ti rí ẹlòmíì tó kọ iye gàdàgbà sábẹ́ tirẹ̀, ó ti sanwó, ó ti gbàgbé rẹ. Lọ́jà, bó bá ṣe béèrè lo máa ń fèsì. Tó bá ní ó wọ́n, ìwọ náà á sọ tìrẹ, ẹ ó jọ ná an, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, ó sì lè jẹ́ torí ẹ̀rín yẹn ló ṣe máa rà á. Kò sáyè ìyẹn fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò wo ọjà. Nítorí náà kọ ọ́: yáàdì márùn-ún, iye báyìí, owó ìfiránṣẹ́ l'Ékòó báyìí, ti ẹ̀yìn Èkó báyìí. Tó bá pọ̀ jù fún un, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá dúró, ó dúró láti rà.

Ohun tí mo torí ẹ̀ wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta nìyí, fetí sí i dáadáa: ẹni tó ń rajà lórí fóònù ò ní ọwọ́. O mọ bí àwọn ìyá ṣe ń rà á ní Ìtòkú. Á fún un pọ̀ lọ́wọ́, á jù ú sílẹ̀, á wò ó bóyá ó rún. Á gbé e símú. Á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Á fi itọ́ tọ́ ìka, á fi ìka ra aṣọ, á wá wo ìka bóyá aró ti yọ sí i. Á na apá méjèèjì, á fi wọ̀n ọ́n, kò ní gba iye yáàdì tó o sọ gbọ́. Gbogbo ìyẹn, tí onítọ̀hún bá wà ní Kàdúná tàbí Peckham, ìwọ lo máa bá a ṣe é. Ọwọ́ rẹ ni ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ ni ojú rẹ̀. Tó ò bá fẹ́ ṣe é, lọ gba ìsọ̀ kí o jókòó síbẹ̀.

Ó dáa, jẹ́ ká wo fọ́tò. Èyí, abẹ́ gílóòbù lo ti yà á, àbí? Mo mọ̀. Aró tó dúdú minimini ti di àwọ̀ eérú. Àárọ̀ ni kó o máa yà á, kí oòrùn tó le, lẹ́bàá fèrèsé tàbí ní ibòji ìta. Má gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ìyẹn náà ń pa àwọ̀. Na aṣọ náà tán kó o ya gbogbo rẹ̀, kó o wá sún mọ́ ọn kó o ya ọnà rẹ̀, kó o yí i padà kó o ya ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn o! Ẹni tó bá mọ àdìrẹ, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, ojú rẹ̀ máa ń tàn, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ṣá. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tó ò fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn?

Èyí tí ọmọge gíga yìí wọ̀ ńkọ́? Níbo lo ti rí i? Kì í ṣe aṣọ rẹ, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Yọ ọ́ kúrò kí n tó dìde níbí. Oníbàárà á sanwó nítorí fọ́tò yìí, èyí tó o fi ránṣẹ́ ò ní jọ ọ́, á wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún gbogbo ayé wò. Orúkọ tó o bá fi ọdún méjì kọ́ á lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Pe àbúrò rẹ kó ró aṣọ náà, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó rẹ́rìn-ín. Ó tó.

O tún kọ ọ́ sábẹ́ búbá yìí pé gbogbo èèyàn ló máa bá mu. Ta ni gbogbo èèyàn? Wo ìbàdí mi, wo tìrẹ. Ṣé èmi àtìẹ lèèyàn kan náà? Mú téèpù, wọn àyà, wọn ìbàdí, wọn gígùn, kọ ọ́ ní íńṣì. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ á mọ èyí tó wọ òun.

Kọ irú tó jẹ́ pẹ̀lú. Oníko kì í ṣe alábẹ́rẹ́, alábẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́kọ, kámpálà tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe sì wà láyè tirẹ̀. Ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya láfún sára aṣọ, á gbẹ, wọ́n á wá rì í sínú aró, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á tún rì í, títí aró á fi mu aṣọ tán. Ẹni tó ṣe èyí lọ́wọ́ ò lè gba owó kámpálà. Tó o bá sọ bẹ́ẹ̀, tó o fi fídíò ìṣẹ́jú kan hàn níbi tí ìyá aláró ti ń fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń di dúdú bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ìdí tó fi wọ́n. Gba àyè lọ́wọ́ ìyá náà kó o tó yà á o, kó o sì fún un ní nǹkan. Sọ orúkọ ọnà náà fún wọn. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn dùn ni, sọ pé òpó gbọ̀ngàn Màpó ni àwọn tó dúró wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London, ìtàn ni wọ́n ń rà mọ́ aṣọ, wọn ò sì ní ná ọ tó bẹ́ẹ̀ torí ìtàn.

Tí aró rẹ̀ á bá yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, sọ ọ́. Má fi pa mọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kó o fi sínú ọ̀rá: ẹ dá a fọ̀, omi tútù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Ọ̀rọ̀ aró yíyọ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa kó o tó dáyé. Láàárín 1920 sí 1930, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast wá kó àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Àwọn aláró wá rí i pé sódà àti aró òyìnbó máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn tó ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ṣá, pé ó ń gbó kíá. Ọjà dẹnu kọlẹ̀. Mi ò ní kó o di gbogbo ẹ̀bi ru sódà, torí owó ti sá pa mọ́ ní gbogbo ayé lásìkò yẹn. Àmọ́ Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró náà, àwọn aláró yarí, nígbà tó fi máa di 1936 ọ̀rọ̀ ti di ìjà gidi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ ni pé ẹni tó wà ní Senegal ò rí ojú aláró rí. Kò mọ̀ bóyá ó jẹ́ èèyàn dáadáa, kò mọ̀ bóyá ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ tó tú lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló fi mọ̀ ọ́n. Ṣé o ti wá rí i pé ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ tajà fún ẹni tí ò rí ọ?

Mo tún gbọ́ pé ẹnì kan ń bá ọ kọ́ wẹ́ẹ̀bù, pé o ti san ìdajì owó. Ta ló ń lé ọ? WhatsApp Business ti wà láti 2018, ọ̀fẹ́ ni. Wà á to ọjà rẹ sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye, wà á kọ ìdáhùn tó máa bá ọ kí oníbàárà nígbà tó ò sí níbẹ̀. Instagram ni kó o fi ṣe ìta, WhatsApp ni kó o fi ṣe inú ilé. Kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ rà, kí wọ́n padà wá rà, kó o mọ aṣọ tó ń yá àti èyí tó ń jókòó, kó o tó gba ẹnikẹ́ni kó wá máa kọ́ nǹkan fún ọ. Wẹ́ẹ̀bù dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Tó bá yá, ra orúkọ tó parí sí .com.ng, kó jẹ́ lórúkọ ara rẹ, kó má jẹ́ lórúkọ ẹni tó bá ọ kọ́ ọ. Torí àwọn kan ti sùn, wọ́n jí, wọ́n bá a pé olè ti gba ojú ìwé Instagram wọn lọ, tòun ti gbogbo oníbàárà. Ti ilẹ̀kùn Instagram tìrẹ níbi méjì, wọ́n ní ó ṣeé ṣe nínú ètò rẹ̀. Kó o sì máa kọ nọ́ńbà àwọn tó bá rajà sínú ìwé onílà, ìwé gidi. Ìwọ nìkan ló ni ìwé yẹn o, kì í ṣe ohun tí à ń fún ọ̀rẹ́.

Ti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ìṣòwò sílẹ̀, mi ò ní bẹ̀ ọ́. Lọ forúkọ ìṣòwò rẹ sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Láìsí ìwé yẹn, báńkì ò ní ṣí àkáǹtì fún ọ lórúkọ ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á rí orúkọ dáadáa lójú ìwé rẹ, tó bá wá fẹ́ sanwó, á rí orúkọ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí. Àyà rẹ̀ á já. Ó sì tọ́ kó já, pẹ̀lú ohun tí ojú ń rí nílùú yìí.

Owó. Jókòó dáadáa. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n máa fi káàdì sanwó, Paystack wà ńbẹ̀, èyí tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, tí ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà wá rà lọ́dún 2020. Wọ́n ń yọ ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tún fi ₦100 lé e tí owó náà bá ti tó ₦2,500. Aṣọ ₦20,000 nìyẹn, ₦400 ti lọ. Kò pọ̀, àmọ́ inú iye tó o pè ló yẹ kó ti wà, kó má lọ jẹ́ inú èrè rẹ. Ti àwọn tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ tààrà, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Má wo àtẹ̀jíṣẹ́, má wo fọ́tò rìsíìtì, ì báà jẹ́ pásítọ̀ ló fi ránṣẹ́. Ṣí áàpù báńkì, wo iye tó wà níbẹ̀. Tí owó ò bá tíì wọlé, aṣọ ò tíì jáde. Kó máa bínú, kó máa ní ọkọ̀ ti ń dúró de òun. Fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, má sì mira.

Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ sanwó nígbà tí ọjà bá délé. Jumia àti Konga, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, fàyè gba ìyẹn torí àwọn èèyàn ò fọkàn tán íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Owó ńlá wà lẹ́yìn wọn. Kí ló wà lẹ́yìn tìrẹ? Oníbàárà á ní òun ti jáde, ọlọ́kadà á gbé aṣọ padà, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ á di tìrẹ. Ẹni tó bá ti rajà lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì lo lè ṣe é fún. Ẹni tuntun tí ara ń fu, ní kó san owó ìfiránṣẹ́ sílẹ̀ ná.

Má sì máa fẹnu ṣèlérí ohun tí òjò ò fọwọ́ sí. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, oòrùn ló ń gbẹ ẹ́. Láti oṣù Okúdù sí Agẹmọ, tí ojú ọ̀run bá ṣú lọ́sẹ̀ kan, kò sí ohun tí aláró lè ṣe. Sọ ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ní kó o bá òun ṣe tuntun, kó o fi ọjọ́ mẹ́wàá gbé e dé. Inú rẹ̀ á dùn. Tó o bá sọ ọjọ́ mẹ́ta, tó di ọjọ́ mẹ́wàá, o di olè nìyẹn lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá náà ni. Ọ̀rá ni kó o kọ́kọ́ fi wé aṣọ kí òjò má bàa wọ̀ ọ́ lórí ọ̀kadà, kó o tó fi sínú àpò tó rẹwà. Má gbàgbé èènì! Àjákù àdìrẹ tó ṣẹ́ kù níbi ìránṣọ, rán an ní ìdì irun, fi sínú rẹ̀, má sọ fún un tẹ́lẹ̀. Fóònù kọ́ ló ní ká má fún oníbàárà léènì mọ́.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń polówó. Àwòrán ogójì lórí sítátọ́ọ̀sì lójúmọ́, ta lo fẹ́ kó wò ó? Mo ti pa tìẹ lẹ́nu mọ́ lórí fóònù mi, mo sọ ọ́ fún ọ lójúkorojú. Fi mẹ́ta síbẹ̀, kó dára, kí iye wà lára rẹ̀. Owó tó o fẹ́ fi ra àwọn tó máa tẹ̀ lé ọ lórí Instagram, fi ra aṣọ. Àwọn tó o rà ò ní ọrùn tí wọ́n máa fi wọ búbá. Tó o bá fẹ́ sanwó ìpolówó fún Facebook, dá a dúró sórí ìlú tó o lè fi ọjà ránṣẹ́ sí láìjẹ gbèsè, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré, kó o sì rántí pé wọ́n ń fi owó orí ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Mọ ìgbà tí àwọn èèyàn ń wá aṣọ: àjọ̀dún Lísàbí, Iléyá, Ojúde Ọba tó máa ń jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú, oṣù Ọ̀pẹ tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀. Oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n ń pàṣẹ aṣọ ẹbí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó kù. Nígbà tí ìwọ bá ń gbé àwòrán Iléyá jáde lọ́jọ́ ọdún ku ọ̀la, télọ̀ wọn ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rà á tó wù ú, bẹ̀ ẹ́ kó ya fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, kó o tọrọ àyè kó o tó gbé e jáde. Fọ́tò ìyá kan níbi òde ìsìnkú á ta ju ti ọmọge lọ, mo ń sọ fún ọ.

Àwìn ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ kan gba méjì, ó ní òun á san tóṣù bá parí. Oṣù wo? Èmi lo máa ní kó wá bá. Mọ̀lẹ́bí tó bá fẹ́ràn rẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ sanwó.

Ó yá, mú bírò. Kọ iye tó o rà á, kọ owó ọkọ̀ láti Ìtòkú, kọ ọ̀rá, kọ dátà, kọ tàwọn Paystack, kọ owó ìpolówó. Owó tó wọlé kọ́ ni èrè, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ó dáa. Èló lo ń ra yáàdì márùn-ún kámpálà gan-an? Gbé ohùn sókè, mi ò gbọ́. Ẹ̀ẹ́?! Ta ló tà á fún ọ níye yẹn? Kí ló dé tí kò kúkú gba ilé bàbá rẹ mọ́ ọn? Ọjọ́ Sátidé yìí, Ìtòkú lèmi àtìẹ ń lọ. Wọ bàtà pẹlẹbẹ, má kun ètè, má sì lanu títí màá fi ná an tán.